Owó Kùkùté

Ìwé náà ti Kútọnu dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ojú ewé mẹ́rìnlá, Faransé gbígbẹ, òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Èmi Olúgbàmí ni wọ́n gbé e fún,
èmi tí mò ń ka ìròyìn alẹ́ ní rédíò Sábẹ̀ẹ́,
kí n sọ ọ́ di èdè tí òkè wa gbọ́.
Kò gùn, bí a bá yọ egungun inú rẹ̀:
igba sẹ́fà lórí àpò èédú kọ̀ọ̀kan,
kí a fi gbin igi míì sípò èyí tó jóná.

Lálẹ́ àkọ́kọ́ mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́.
Mo ní ooru ayé yóò fi dígíríì méjì lé sí i.
Ẹnì kan pe rédíò: "Olúgbàmí, jọ̀ọ́,
bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, àbí kò sí?"
Mo kà lọ. Mo kan ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rò lẹ́ẹ̀mejì,
ahọ́n mi gbé e sílẹ̀ gbì: owó-orí.

Owó-orí! Ọ̀rọ̀ tí baba baba mi gbọ́
tó fi gbé ọmọ kọ́ èjìká, tó la odò Òkpárá kọjá lóru,
tí a fi ní ará ní Ìwéré títí dòní.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, àpò èédú ti dí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba ìbílẹ̀.
Ìyá Wọ̀rú dúró lórí èyí tó ga jù, apá rẹ̀ dú dé ìgbọ̀nwọ́:
"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gáàsì se ọbẹ̀,
èéfín tèmi lẹ fẹ́ gba owó lé lórí?"

Ọ̀gbẹ́ni Dòsú tó mú ìwé wá ní kò burú,
ẹ̀rù ni kò tíì bà wọ́n.
Ó ta aṣọ funfun sára ògiri ilé ẹ̀kọ́, ó fi àwòrán hàn:
ilẹ̀ tó sán, egungun màlúù, ọmọ tí ètè rẹ̀ bó.
Ìyá kan fi ọwọ́ bo ojú ọmọ rẹ̀.
Wọ́n lọ sílé láìkí ara wọn pé ó dàárọ̀.
Lọ́sẹ̀ yẹn, àáké kò sinmi.
Bí ayé bá máa tán, ni Bíọ̀ agégi wí,
ẹ jẹ́ kí n tà á kó tó tán.

Mo gun alùpùpù lọ bá Ìyá Wọ̀rú níbi ebu èédú.
Mi ò mú ìwé lọ́wọ́.
Ó fi kùkùté emi kan hàn mí, ó ní jókòó.
"Nígbà tí mo délé ọkọ, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ṣẹ́gi.
Owó epo alùpùpù ló ń jẹ èrè mi báyìí.
Igi ń sá fún mi, Olúgbàmí. Ọdọọdún ló ń sún."
Kò dárúkọ ooru. Kò dárúkọ ayé.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo tún ìwé náà kà.
Igba sẹ́fà náà ni. Àpò náà ni.
Ọ̀rọ̀ kan ni mo yí: mo pè é ní owó kùkùté,
kí ẹni tó gé igi fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀,
kí igi má baà sá kọjá Òkpárá bí àwọn baba wa.
Fóònù kò dákẹ́. Wọn ò bèèrè bọ́ọ̀lù.
Wọ́n ní ta ni yóò di àpótí owó mú?
Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ méjì ni, kí obìnrin mú ọ̀kan.

Mi ò purọ́. Mo tú u wò lórí ẹní, mi ò rí irọ́ níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ìwé míì yóò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun míì,
bóyá èyí tí kò dáa,
ẹnu mi yìí náà ni wọn yóò gbé e wá bá.

Ìyá Wọ̀rú ló kọ́kọ́ san.
Ó ka ẹyọ owó sínú àpótí, eruku èédú lára ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín:
"Owó-orí náà nìyí. Ó kàn wẹ̀, ó para ni.
Emi ni kí ẹ gbìn o.
Mò ń bọ̀ wá kà á."